Ológun àti oníròyìn ààbò: kí ló yẹ kí ará ìlú mọ̀, ta ló sì yẹ kó sọ ọ́ fún wọn?

Ajíròyìn Àbújá (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀):

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò, nítorí ó kan ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun, ó kan àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko mọ́, ó sì kan èmi tí mo ń fi kíkọ ìròyìn nípa ààbò jẹun. Irú àjọṣe wo ló yẹ kó wà láàárín àwọn ológun Nàìjíríà àti àwọn oníròyìn tó ń kọ nípa iṣẹ́ wọn?

Èrò tèmi nìyí kí ẹ tó sọ tiyín. Kì í ṣe àṣírí ló ń ba àárín wa jẹ́. N kò tíì rí oníròyìn gidi tó ń bínú nítorí pé ológun kò sọ ibi tí wọ́n máa kọlù lọ́la fún un. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dára, ohùn wọn á ròkè. Nígbà tó bá burú, wọ́n á pa ẹnu mọ́. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ èyí tó burú náà, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀tá. Àwa oníròyìn náà ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ ara wọn di ẹni tí kì í ṣe ju kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí agbẹnusọ ológun bá rán an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ojú ogun kọ́ ni ìròyìn ogun ti ń wá bá wa, orí WhatsApp ni. Agbẹnusọ á fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń kọ nípa ààbò lẹ́ẹ̀kan náà: iye agbésùnmọ̀mí tí wọ́n pa, iye ìbọn AK-47 tí wọ́n gbà, iye ọta, iye ọ̀kadà, pẹ̀lú àwòrán àwọn nǹkan náà tí wọ́n tò sílẹ̀ lórí yanrìn. Ó ṣọ̀wọ́n kí orúkọ abúlé tí èèyàn lè pè láti wádìí wà nínú rẹ̀, ó sì tún ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n sọ iye ọmọ ogun tiwa tó kú. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti wà lórí ojú-òpó gbogbo ìwé ìròyìn, gbólóhùn kan náà, àkọlé kan náà. Ẹni tó bá ń béèrè jù mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ kó oníròyìn lọ sí Maiduguri nínú bàálù ológun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má pe òun. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti ń wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti gbé ìbọn sókè sí i.

Ẹ rántí Chibok. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 gbé. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà ni Orílé-iṣẹ́ Ológun kéde pé wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, pé mẹ́jọ péré ló kù, àwọn ilé ìròyìn sì gbé e káàkiri. Ọ̀gá ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀ ló jáde pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn ológun tó yí ohùn padà. Ìpè kan ṣoṣo sí Chibok ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú yẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, nígbà tí fídíò àwọn ọmọbìnrin náà jáde, ológun kéde pé àwọn ń wá Ahmad Salkida, oníròyìn tó mọ̀ nípa Boko Haram ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ó ti òkè òkun wá sílé fúnra rẹ̀, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, wọ́n sì padà fi í sílẹ̀.

Mo fẹ́ gbọ́ tiyín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti wọ aṣọ ológun rí.

Sójà Àtijọ́:

Àbúrò mi Ajíròyìn, o káre tí o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, mo sì ṣiṣẹ́ ní Borno kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo fara mọ́ apá kan nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan.

O ní kò sí oníròyìn gidi tó ń bínú nítorí àṣírí. Kí ni ti ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2019 ńkọ́? Ìwé ìròyìn Daily Trust ti ọjọ́ Àìkú gbé e jáde lọ́jọ́ náà pé ológun ń kó ara jọ láti lọ gba ìlú Baga ní Borno padà lọ́wọ́ àwọn tó gbà á ní ìparí oṣù tó ṣáájú. Èyí kì í ṣe ìròyìn ogun tó ti kọjá. Ogun tí ẹnikẹ́ni kò tíì jà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tí kò débẹ̀ rí kì í fọkàn rò. Ọ̀nà kò pọ̀ ní ẹ̀bá adágún Chad. Nígbà òjò ilẹ̀ ibẹ̀ á di ẹrẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yanrìn á bo táyà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ìbọn ńlá kò lè ṣàdédé yà sínú igbó. Nítorí náà, bí ọ̀tá bá ti mọ ìlú tí à ń lọ, ó ti mọ ọ̀nà tí a máa gbà. Bí ó bá sì ti mọ ọ̀nà, alẹ́ kan péré àti ṣọ́bìrì ti tó fún un láti ri bọ́ǹbù mọ́ ibi tí ọkọ̀ tó ṣíwájú máa tẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ní fóònù, wọ́n sì ń ka ìwé ìròyìn wa ju bí ọ̀pọ̀ aṣòfin ṣe ń kà á lọ. Ọmọ ọdún 22 tó jókòó lẹ́yìn ìbọn nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kò ní agbẹjọ́rò tó máa bá a sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni pé ọ̀tá kan náà ló ń pa wá àti ẹ̀yin. Ta ló yìnbọn pa Zakariya Isa ti ilé-iṣẹ́ NTA ní Maiduguri ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011? Ta ló pa Enenche Akogwu ti Channels ní Kano ní oṣù Kìíní ọdún 2012, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ta ló gbé bọ́ǹbù lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn ThisDay ní Àbújá ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún náà, tí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ ní Kaduna lọ́jọ́ kan náà? Sójà kọ́ ni. Mo ń fẹ́ kí oníròyìn máa rántí èyí nígbà tó bá ń kọ̀wé bí ẹni pé àárín méjì tó dọ́gba lòun dúró sí.

Ìyàwó Bárékè:

Ẹ̀gbọ́n Sójà Àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé nínú bárékè sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa.

Bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀ níbi tí ọkọ ẹni wà, ẹnikẹ́ni kì í wá kan ilẹ̀kùn. Ariwo ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin kan á pe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀, kò ní lọ. Á lọ bá aládùúgbò, tiyẹn náà kò ní lọ. Ká tó wí ká tó fọ̀, a ti kún ẹnu ọ̀nà, olúkúlùkù ń wo fóònù, à ń wá ojú ẹni tiwa nínú fídíò tí n kò mọ ẹni tó yà á. Nígbà tí èyí kan èmi alára, ẹ̀ka ológun kan tí n kò ní dárúkọ ni mo lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n lọ sílé, pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé ìròyìn ló sọ fún mi pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọkọ mi padà wálé.

Ẹ wo ti Metele, ibùdó ológun ní Borno tí àwọn agbésùnmọ̀mí kọlù ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Àwọn ọmọ ogun tó sá àsálà ya fídíò, wọ́n ń fi ọkọ̀ ogun tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ han aráyé. Ìwé ìròyìn ń sọ pé àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá kí ilé-iṣẹ́ ológun tó wá sọ pé 23 ló kú, pé 31 fara pa. Bóyá iye tiwọn ló tọ̀nà, bóyá ti ìwé ìròyìn ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ta ló ṣì fẹ́ gbà wọ́n gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń bá oníròyìn jà nítorí fídíò yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé àwa ìyàwó ni a kọ́kọ́ wò ó?

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ fèsì sí ohun tí bàbá wa Sójà Àtijọ́ sọ nípa Daily Trust, nítorí wọn kò sọ ìdajì ìtàn náà tó kù. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde gan-an ni àwọn sójà dìhámọ́ra ya wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà ní Maiduguri àti ní Àbújá. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà lọ. Wọ́n mú olóòtú ẹkùn náà, Uthman Abubakar, àti akọ̀ròyìn Ibrahim Sawab. Ká tiẹ̀ gbà pé ìròyìn yẹn kò yẹ kó jáde. Òfin wo ló fún sójà láṣẹ láti wọ ọ́fíìsì aráàlú, láti mú ènìyàn, láti gbé ẹrù?

Abala 22 òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé ilé ìròyìn gbọ́dọ̀ ní òmìnira láti mú kí ìjọba máa jíhìn fún ará ìlú. Abala 39 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò wa àti láti gba ìròyìn. Lóòótọ́, abala 45 gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ yẹn kù nítorí ààbò ìlú. Ṣùgbọ́n òfin ni ó sọ, kò sọ pé ìbínú ọ̀gá ológun. Òfin ìwífún ti ọdún 2011 pàápàá ronú kan ọ̀rọ̀ yìí: abala 11 rẹ̀ gba ilé-iṣẹ́ ìjọba láyè láti má dáhùn bí ìdáhùn náà bá lè pa ààbò lára, àmọ́ ó fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé bí àǹfààní tí ará ìlú máa rí nínú mímọ̀ rẹ̀ bá ju ìpalára náà lọ, dandan ni kí wọ́n dáhùn. Ìwọ̀n náà ti wà nínú òfin. Àwọn tó yẹ kó lò ó ni kì í lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n lọ sẹ́yìn díẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa lè rò pé àná ni èyí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1973, wọ́n fá orí Minere Amakiri, akọ̀ròyìn Nigerian Observer ní Port Harcourt, wọ́n sì nà án ní ẹgba 24, nítorí ìròyìn tó kọ nípa ìbínú àwọn olùkọ́ jáde lọ́jọ́ ìbí gómìnà ológun. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ó sì jàre. Ní ọdún 1984, lábẹ́ Àṣẹ Kẹrin (Decree 4) ti ìjọba ológun Buhari, Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian lọ sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan nítorí ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú orílẹ̀-èdè, wọ́n sì bu owó ìtanràn ₦50,000 lé ilé-iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ ológun tó wà nínú yàrá ìkọ̀kọ̀ ni ó rán Kunle Ajibade, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles-Obi lọ sẹ́wọ̀n gbére, wọ́n ní wọ́n lọ́wọ́ sí ìdìtẹ̀ gbàjọba. Ìròyìn ni wọ́n kọ. Lẹ́yìn tí Abacha kú ní ọdún 1998 ni wọ́n tó rí oòrùn.

Ẹ lè ní ìjọba ológun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2014 bọ́ sí àkókò ìjọba alágbádá, nígbà tí àwọn sójà ń dá ọkọ̀ tó ń pín ìwé ìròyìn dúró lójú pópó, tí wọ́n ń tú u wò, tí ìwé kò dé ọwọ́ àwọn atajà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2024 náà bẹ́ẹ̀: ilé rẹ̀ ní Èkó ni wọ́n ti wá mú Segun Olatunji, olóòtú FirstNews. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ kò mọ ibi tó wà. Ẹ̀ka Nàìjíríà ti IPI, àjọ àwọn oníròyìn àgbáyé, ló tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Àbújá. Ta ni ó sọ àṣírí ogun fún?

Sójà Àtijọ́:

Agbẹjọ́rò, n kò gbè sẹ́yìn ẹni tó lọ jí olóòtú gbé nílé rẹ̀. Kò yẹ ọmọ ogun. Iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn ìbéèrè mi kan, nítorí òun ni ó máa ń wà lọ́kàn ọ̀gá tó wà lójú ogun: bí mo bá gbọ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé ìwé ìròyìn kan ti tẹ ètò ìkọlù mi, tí yóò wà lórí àtẹ ní ìdájí, ilé ẹjọ́ wo ni n óò lọ? Ẹjọ́ tí à ń dá fún ọdún mẹ́ta kò lè gba ẹ̀mí tó máa lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù:

Ìbéèrè bàbá yìí dára, ibi tí mo ń gbé sì ti gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ láti ọdún 1912. Ní Bìrìtìkó, ìgbìmọ̀ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn aṣojú ilé ìròyìn jọ jókòó sí. Wọ́n ní akọ̀wé kan tí olóòtú lè pè ní ọ̀sán tàbí ní òru pé: 'Ohun tí mo fẹ́ gbé jáde lọ́la nìyí, ǹjẹ́ ó lè pa ẹnikẹ́ni lára?' Akọ̀wé yóò sọ ìlà tó léwu, yóò sì sọ ìdí. Kò sí òfin tó fipá mú olóòtú láti gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu; ìmọ̀ràn ni. Olóòtú náà ló máa pinnu, bí ó bá sì ṣẹ̀ sófin, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìlà kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń yọ, ìròyìn yòókù á sì jáde.

Kí ẹ má rò pé Párádísè ni. Nígbà ogun Falkland tí wọ́n bá Argentina jà ní ọdún 1982, inú ọkọ̀ ojú omi ọmọ ogun ni àwọn oníròyìn bá lọ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé sì wà lọ́wọ́ ológun, tí wọ́n fi ń rojọ́ pé wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ àwọn dúró. Nínú ogun yẹn kan náà ni BBC ti kéde pé àwọn ọmọ ogun ti sún mọ́ Goose Green, abúlé kan níbẹ̀, kí wọ́n tó kọlù ú. Inú bí ọ̀gá àwọn ọmọ ogun náà gidigidi, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àmọ́ ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde? Àwọn oníròyìn tó wà pẹ̀lú wọn nínú òtútù kọ́ ló sọ ọ́. Lọ́ńdọ̀nù ni, lọ́dọ̀ àwọn tó wà nídìí ìjọba.

Ìdí tí mo fi mú un wá nìyí. Bàbá wa, ẹni tó kọ ìròyìn Baga kò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò ogun. Ẹnìkan tó mọ ètò náà ló sọ ọ́ síta. Bí ilé tí àṣírí ti ń jò bá ń lé ẹni tó gbọ́ ọ kiri, yóò máa jò lọ ni.

Ará Maryland:

Mo kí gbogbo yín láti Amẹ́ríkà. Àfikún díẹ̀ ni tèmi. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Iraq ní ọdún 2003, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún oníròyìn sáàárín àwọn ọmọ ogun wọn, olúkúlùkù sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: má sọ ibi tí a wà gan-an, má sọ ibi tí à ń lọ. Ohun tí wọ́n kọ nípa ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ tàbí tó kú yé mi dáadáa: oníròyìn lè sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ẹni náà mọ̀ títí wákàtí 72 yóò fi pé, tàbí kí wọ́n ti sọ fún ẹbí rẹ̀.

Síbẹ̀, ibi tí mo wà yìí náà kì í ṣe àwòkọ́ṣe mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn oníròyìn tó ń ṣiṣẹ́ ní Pentagon, orílé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, dá káàdì ìwọlé wọn padà, wọ́n sì jáde, nítorí òfin tuntun tó lè sọ ẹni tó bá béèrè ohun tí wọn kò fọwọ́ sí di ẹni tó léwu fún ààbò. Àwọn tó fẹ́ràn ìjọba náà pàápàá wà lára àwọn tó kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Ọmọ Èkó 2020:

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Borno nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ wá sí Lẹ́kí. Lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n yìnbọn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ́de EndSARS, ojú-òpó Twitter ilé-iṣẹ́ ológun ń fi lẹ́tà pupa kọ 'irọ́ ni' sára ìròyìn tó sọ pé sójà wà níbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka wọn ní Èkó fúnra rẹ̀ sọ pé lóòótọ́ ni àwọn lọ, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló pe àwọn. Ní iwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí, ọ̀gá ológun tó wá jẹ́rìí gbà pé ọta tó lè pa ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ológun bá pe ìròyìn kan ní irọ́, àwa ọ̀dọ́ á kọ́kọ́ lọ wá ìròyìn náà kà. Èyí kò dára fún wọn nígbà tí irọ́ gidi bá dé, irọ́ gidi sì ń dé lójoojúmọ́ lórí Facebook.

Ajíròyìn Àbújá:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Ọmọ Èkó, nítorí ó kan ohun tí mo fẹ́ sọ fún Ẹ̀gbọ́n Sójà Àtijọ́.

Àpẹẹrẹ méjì wà tí mo máa ń lò nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun bá sọ fún mi pé bí wọ́n bá sọ òtítọ́, ará ìlú yóò kórìíra wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, bàálù ogun wa ju bọ́ǹbù lu àgọ́ àwọn tó sá fún ogun ní Rann ní Borno. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀gá tó ń darí ogun náà, Lucky Irabor, jáde, ó sọ pé àwọn ló ṣe é, pé àṣìṣe ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, dúróònù ológun pa àwọn ará abúlé Tudun Biri ní Kaduna tí wọ́n ń ṣe Mọ́lídì; àwọn tó kú lé ní 80. Ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀, Taoreed Lagbaja, lọ sí abúlé náà, ó tọrọ àforíjì lójú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ òkú wọn. Ìbànújẹ́ ńlá ni méjèèjì, ìbéèrè tó kù nípa wọn sì pọ̀: ta ló tẹ bọ́tìnnì, ta ló fún un ní àṣẹ, kí ni wọ́n fi san gbèsè ẹ̀mí? Ṣùgbọ́n wọn kò jà lórí bóyá ó ṣẹlẹ̀. Kò sí oníròyìn tí wọ́n lé kiri nítorí pé ó kọ ọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Tudun Biri àti Metele nìyẹn, ọ̀rọ̀ àṣírí ogun kò sì sí nínú èyíkéyìí.

Nípa ìbéèrè aago mẹ́wàá alẹ́ yín, ẹ̀gbọ́n: bí ẹnìkan bá wà ní Orílé-iṣẹ́ Ológun tí mo lè pè ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí kò ní pariwo mọ́ mi, tí kò sì ní fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pè é kí ó tó gbọ́ látẹnu ẹlòmíràn. Ìlà tó máa pa ọmọ ọdún 22 yẹn, n óò yọ ọ́. Ohun tí n kò ní yọ ni pé ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e kò ní bírékì. Àwa oníròyìn náà ti fi ẹ̀mí san fún iṣẹ́ yìí, kì í ṣe lọ́wọ́ Boko Haram nìkan. Ní ọdún 1990, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Liberia pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion lọ wò ó fúnra wọn. Àwọn jàgídíjàgan Charles Taylor pa wọ́n. Wọn kò dúró de àtẹ̀jáde.

Ìyàwó Bárékè:

Àbúrò mi Ajíròyìn, mo ní ìbéèrè kan péré. Bí ẹ bá mọ orúkọ ẹni tó kú kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó mọ̀, ṣé ẹ máa kọ ọ́?

Ajíròyìn Àbújá:

Rárá, mà. Orúkọ àti àwòrán máa dúró títí ẹbí á fi gbọ́. Ṣùgbọ́n pé ìkọlù ṣẹlẹ̀, àti iye tó kú bí a bá ti wádìí rẹ̀ dájú, ìyẹn kò lè dúró.

Sójà Àtijọ́:

Lórí orúkọ, a fohùn ṣọ̀kan. Lórí iye, ẹ fún ológun ní wákàtí 48 láti ka àwọn ènìyàn wọn. Lójú ogun, ẹni tí a kò rí kì í ṣe ẹni tó kú. Mo ti rí ọmọ ogun tó fi ẹsẹ̀ rìn jáde nínú igbó lẹ́yìn tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó lọ.

Ajíròyìn Àbújá:

Mo gba wákàtí 48 náà, ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá máa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá pé. Ní wákàtí àkọ́kọ́, kí wọ́n sọ pé ìkọlù ṣẹlẹ̀ àti pé àwọn ṣì ń ka ènìyàn. Gbólóhùn kan ni. Bí ẹ bá ṣì ní ẹni tó ń gbọ́ yín ní Bonny Camp, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹnusọ ológun níṣẹ́, ẹ bá wa gbé e dé ibẹ̀. Èmi náà máa gbé ọ̀rọ̀ orúkọ àti àwòrán lọ sí ìpàdé àwọn oníròyìn ààbò wa.